Ẹ̀rọ Tí A Fi Wo Inú Opó

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n wí i pé ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn máa ń sùn, tí ilẹ̀ á mọ́, tí á sì lọ o. Tèmi ti wọ inú egungun. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ní Lọ́kọ́ja, níbi tí omi inú páìpù fúnra rẹ̀ ń gbóná lọ́sàn-án bí ẹni pé wọ́n gbé e kaná, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Tí mo bá délé ní Natako, ọkọ mi kì í bi mí mọ́ pé báwo ni iṣẹ́. Á kàn fa àga sún mọ́ mi, á ní, "Jókòó, ìyá." Mo máa ń jókòó, mo sì máa ń sùn síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe dókítà, síbẹ̀ "Nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí. Mo lè la ikùn ènìyàn, kí n tún un rán, kí n dúró tì í títí tí yóò fi jí. Bó bá lajú báyìí, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà." Ojú rẹ̀ á sì ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀bìrà tó ń fún wọn lóògùn oorun, nítorí pé ọkùnrin ni, ó sì ga. Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi gan-an. Ní báyìí, mo kàn máa ń sọ pé, "Màá bá yín dúpẹ́." Agbára ìbínú náà a máa tán lára ènìyàn.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ju àpò ìwé ọmọ ilé ìwé lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àfi ká ti aláìsàn lórí ibùsùn onítáyà gba àgbàlá kọjá nínú oòrùn, lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe síkáànì. Bí a bá sì débẹ̀, iná ti lọ, tàbí ẹni tó ń ṣe é ti lọ jẹun. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn rẹ̀ kò lè dúró de ẹni tó ń jẹun. Èyí ní bátìrì tirẹ̀; ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn gan-an là ń gbé e wá. A ó fi jẹ́ẹ̀lì pa ikùn, a ó mú orí ẹ̀rọ náà, tó tó ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ́wọ́, a ó máa fi tẹ ikùn kiri, ohun tó wà nínú á sì yọ lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà: omi àti ẹ̀jẹ̀ á dúdú, ẹran ara á rí bí eérú. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń fi hàn o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Nígbà pàjáwìrì, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń fi wá: ṣé dúdú wà níbi tí kò yẹ kí dúdú wà?

Ìgbà mìíràn jẹ́ẹ̀lì á tán. Nọ́ọ̀sì wa, obìnrin Ígálà kan tó dàgbà jù mí lọ, tó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ, á po ìyẹ̀fun àgbàdo, á sè é bí ẹni ń se ògì, á jẹ́ kó tutù, a ó sì máa fi ṣiṣẹ́. Ó ń ṣe dáadáa. Ìyà tó kàn wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wọ́ọ̀dù á máa ta sánsán bí ibi tí wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ, ebi á sì máa pa mí títí di ìrọ̀lẹ́.

Wàhálà ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti bátìrì. Ti ẹnu ayé ni. Ní ìlú yìí, bí wọ́n bá ti gbé síkáànì sí ikùn ènìyàn, oyún ni wọ́n ń wò. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo pátákó síkáànì tó wà lójú títì, àwòrán ọmọ inú ikùn ni wọ́n yà sí i. Mo ti gbé ẹ̀rọ yìí sí ikùn ọlọ́pàá kan rí, onírùngbọ̀n, tó já bọ́ lórí ọ̀kadà. Kí n tó nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lára rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ kú oríire o! Ṣé akọ ni àbí abo?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ráyè jẹ ìrora òun.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n ti dáná sun igbó ara Òkè Patti, eérú dúdú ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń bà lé ibùsùn àwọn aláìsàn. Bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú mi tí ìtọ̀ há mọ́. Mo ti fi ẹ̀rọ wo àpò ìtọ̀ rẹ̀, a ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ìtọ̀ ń dà, bàbá ń súre fún mi, fún ọkọ mi, fún gbogbo ẹni tó bá mi tan. Mo ń nu ikùn rẹ̀ lọ́wọ́ ni kẹ̀kẹ́ márúwá kan já dé ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú. Dúdú ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀: gèlè dúdú, ẹ̀wù dúdú tó ní bọ́tìnì títí dé ọrùn, ìró dúdú. Ìyá tó gbá a mú lẹ́yìn ti darúgbó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń mí hẹlẹ bí ẹni tó sáré láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ọkùnrin kankan pẹ̀lú wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá o!" ìyá náà ké. "Ìyàwó ọmọ mi ni. Láti ìjẹta ni inú ti ń run ún. Kẹ́míìsì ní táífọ́ọ̀dù ni, ó ti ń mu òògùn. Lónìí ló ní òun fẹ́ fọ abọ́, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì!"

Mo ní níbo ni ọkọ rẹ̀ wà. Ìyá náà wo ilẹ̀. Ó ní ọmọ òun ni ọkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, àti pé kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin ín. Wọn ò tíì bímọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ènìyàn púpọ̀.

A gbé e sórí ibùsùn tó tẹ̀ lé ti bàbá onítọ̀. Mo yí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó funfun báláú. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, ó sì tín-ín-rín bí òwú. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Mo tẹ̀ mọ́ ọn létí, mo rọra bi í pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?"

Ó kọ́kọ́ wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó wá dá mi lóhùn, ẹnu rẹ̀ gbẹ. "Ó ti pẹ́ díẹ̀, Ma. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló dá a dúró."

Ìbànújẹ́ lè dá a dúró lóòótọ́. Mo ti rí i rí. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kì í sọ ènìyàn di funfun báyìí. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fi omi sí i lára lọ́tùn-ún lósì, kó gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó sì sún ẹ̀rọ wá.

Bí ìyá náà ṣe rí ẹ̀rọ, ló bá dúró síwájú ibùsùn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Kí nìyí? Ṣé kì í ṣe síkáànì nìyí?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà."

"Síkáànì kẹ̀? Fún opó? Ọmọ mi ò tíì jẹrà nínú ilẹ̀, ẹ fẹ́ máa wá ọmọ nínú ikùn ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ayé?"

Àwọn obìnrin tó jókòó ti aláìsàn wọn ti na ọrùn. Ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Obìnrin orí ibùsùn fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ di ẹ̀wù rẹ̀ mú mọ́ ikùn. "Ẹ má ṣe é fún mi, Ma. Ẹ dákun. Ẹ fún mi lóògùn nìkan. Tí wọ́n bá gbọ́ nílé pé wọ́n ṣe síkáànì fún mi, ó tán fún mi nìyẹn."

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́. Èmi ń wo ẹni tó ń kú lọ lójú mi, wọ́n ní ẹnu àwọn ará ilé! Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ẹnu mi tán, ojú mi bá lọ sórí bàbá onítọ̀.

"Màmá," mo ní, "ẹ wo bàbá yìí. Ẹ̀rọ yìí náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò ní ikùn rẹ̀. Ẹ bi í. Ṣé òun náà lóyún ni?"

Bàbá kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó ní, "Ìyá, ìbejì ni wọ́n bá nínú tèmi o. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyàwó mi kí wọ́n lọ ra ọṣẹ."

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà gan-an, ẹnu rẹ̀ fẹ́ yà díẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wá. Òótọ́ sì ni mo sọ. Ohun tí mo fura sí yàtọ̀, ìyẹn wà lọ́kàn mi. Ìyá náà rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó di etí aṣọ ìkélé mú, ó sì fà á yí wa ká kí ojú má baà wọlé. Nọ́ọ̀sì ti gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí náà àwa mẹ́ta péré la wà nínú ìkélé yẹn: opó náà, òun, àti èmi.

Mo gbé orí ẹ̀rọ sí abẹ́ ìhà rẹ̀ lọ́tùn-ún, níbi tí ẹ̀dọ̀ ti fara ti kíndìnrín. Kò yẹ kí nǹkan kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Dúdú ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó ń mì bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sí apá òsì, dúdú. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìdodo. Ilé ọmọ wà níbẹ̀, kékeré, ó mọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, dúdú sì yí i ká. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó gbé ẹ̀rọ sí i. Ó kàn rẹ̀ mí láti mọ̀ ọ́n ni.

Nọ́ọ̀sì ti ìta wọlé láti ibi àyẹ̀wò ìtọ̀. Ó na ìka méjì sókè fún mi ní ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀, ó rò pé ẹlòmíràn kò rí i. Ìlà méjì. Ìyá náà rí i. Kò sí obìnrin tó ti jókòó rí ní ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí ìlà méjì jẹ́.

Mo bèèrè lọ́wọ́ opó náà bóyá kí n sọ̀rọ̀ níwájú Màmá. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti dijú.

"Oyún ni," mo wí.

Ojú ìyá yẹn le. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lára àwọn ìyá ọkọ, mo sì ti múra sílẹ̀ láti lé e jáde. Ó ń fi àtàǹpàkò ka àwọn ìka rẹ̀ tó kù, ó ń ka ọ̀sẹ̀, ètè rẹ̀ ń jó. Ó kà á lọ, ó tún kà á bọ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú rẹ̀ tú.

"Ti ọmọ mi ni," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ tí àìsàn tó pa á kò tíì dá a dùbúlẹ̀. Ti ọmọ mi ni!" Ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún, ó gbá ẹsẹ̀ obìnrin náà mú. "Bí iná bá kú, a fi eérú bojú! Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò! Olúwa, o ò pa mí tì! Ìyàwó mi, o ṣé o! O ṣé o!"

Ohun tó burú jù nínú iṣẹ́ mi kì í ṣe kí n sọ fún ènìyàn pé nǹkan ti bàjẹ́. Kí n sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ ló burú jù. Ó wù mí kí n jáde kúrò nínú aṣọ ìkélé yẹn, kí n lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ìta, kí ẹlòmíràn wá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn.

"Màmá, ẹ dìde. Ọmọ náà kò sí nínú ilé ọmọ."

"Níbo ló wà?"

"Ojú ọ̀nà ló dúró sí. Ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ, ibẹ̀ ló dúró sí, ó ń dàgbà, ọ̀nà náà sì ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Àfi kí a lọ la inú rẹ̀ nísinsìnyí, kí a yọ ọ́."

Ó dìde. Ó ní kí n fi han òun. Ǹ bá ti kọ̀, àkókò kò sí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń múra tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá fi hàn án, ìjà ni. Mo tún gbé orí ẹ̀rọ sí i. "Ẹ wò ó. Ilé ọmọ nìyí. Ṣé ẹ rí i pé ó ṣófo? Gbogbo dúdú yìí, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ni."

Ó tẹ̀ mọ́ gíláàsì náà, ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan ibi tí mo pè ní ilé ọmọ. Ó wá sọ fún mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, "Dókítà, ẹ bá mi gbé e wọlé."

"Màmá..."

"Ṣebí ẹ ní ojú ọ̀nà ló wà. Kò jìnnà. Ṣebí ẹ̀ ń lọ la ibẹ̀ náà ni. Bí ẹ bá ti là á, ẹ gbé e wọlé, kí ẹ sì rán an pa."

Mo ní, "Mi ò lè ṣe é, Màmá. Kò sí ẹni tó lè ṣe é láyé. Bí mo bá la inú rẹ̀, ìyá ni màá gbà là. Bí n kò bá là á, àwọn méjèèjì ló ń lọ."

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yẹn lajú. Mo ti rò pé kò gbọ́ wa mọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀, Ma," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ bá bàbá rẹ̀."

Mo pariwo mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pariwo mọ́ aláìsàn. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn? Ṣé ọkọ rẹ ló ní kóo máa bọ̀?" Inú ń bí mi sí i, ó ń bí mi sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bí mi sí kẹ́míìsì tó ń ta òògùn táífọ́ọ̀dù, inú ń bí mi sí òkú náà pàápàá, tó kú tó fi ẹrù yìí lé mi lórí. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ma, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ o," ló rọra wí. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni ọmọbìnrin náà, ó ti dàgbà, òun ló ní ara rẹ̀. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹnìkan kò lè fi agbára gbé e wọ tíátà. Gbogbo wa ló mọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀wù tíátà aláwọ̀ ewé wá, ó fẹ́ pàrọ̀ aṣọ rẹ̀ bóyá ìyẹn á mú un gbà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà di ọrùn ẹ̀wù dúdú mú pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tó kù fún un. Nílé wọn, opó kì í dá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ilé ọkọ ló ń wọ̀ ọ́ fún un, ilé ọkọ náà ló ń bọ́ ọ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, pẹ̀lú àdúrà. Èyí tó bá bọ́ ọ fúnra rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n á ní ó ti kọ òkú sílẹ̀.

Èmi kì í bá aṣọ ṣeré. Àìmọye aṣọ ni mo ti gé, aṣọ olówó àti ti tálákà. Mo fa sísọ́ọ̀sì yọ lápò. Ìyá náà gbá ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má gé e."

Mo ní lọ́kàn mi pé ó tán, ó di ẹjọ́ nìyẹn. Ìyá náà tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì náà láti ọrùn. Ìka rẹ̀ kò yá, bọ́tìnì náà kéré. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́ nínú wa, a ò gbọdọ̀.

"Màmá, ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé," ọmọbìnrin náà ń sunkún.

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún ọ. Èmi ni mò ń bọ́ ọ."

"Màmá, ó ku oṣù mélòó kan."

"Mo ti kà á tán," ìyá náà dá a lóhùn. "Mo ní mo ti kà á tán. Gbé apá sókè, ìyàwó mi."

Ó gbé apá sókè. Wọ́n wọ ẹ̀wù tíátà fún un. Mo gbé ìwé sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, a sì ti ibùsùn náà sáré.

Iṣẹ́ abẹ náà kò ní ìtàn púpọ̀. Ẹ̀rọ ti sọ òótọ́. Bí mo ṣe la ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀bìrà wa ké láti òkè orí rẹ̀ pé irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú fíríìjì. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà la gbọ́n láti inú ikùn, a fi gọ́ọ̀sì sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, a rọ ọ́ sínú àpò tó ní òògùn tí kì í jẹ́ kó dì, a sì dá a padà sínú iṣan rẹ̀. Ọ̀nà tóóró apá ọ̀tún ló bẹ́. Mo dè é, mo gé e, mo wẹ inú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí dé ìdí. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà ní ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, mo fi iwájú orí ti ògiri tíátà díẹ̀ kí n tó rán an pa.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a bá yọ nínú ènìyàn, a gbọ́dọ̀ fi han ẹbí rẹ̀. Àṣà ni. Bí o kò bá fi hàn wọ́n, wọ́n á ní o kò yọ nǹkan kan, tàbí pé ohun mìíràn lo yọ. Mo ti gbé oríṣiríṣi jáde rí nínú abọ́ irin: ìfun tó ti jẹrà, jẹ̀díjẹ̀dí, ìjù inú ilé ọmọ tó tóbi bí iṣu. Nọ́ọ̀sì ló máa ń gbé e lọ. Lọ́jọ́ yẹn ó wo abọ́ náà, ó wò mí, ó ní, "Ma, ó ku sọ́wọ́ yín o." Mo gbé e.

Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ dúdú náà wà ní kíká lórí itan rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ wà láàyè. Ó mi orí. Ó na ọwọ́ sí abọ́. Ó wo inú rẹ̀.

"Ṣé ọkùnrin ni?"

"A ò lè mọ̀, Màmá. Ó kéré jù."

"Ẹ fún mi."

Yàrá àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ gba tiwọn, mo sì ti gé e sọ́tọ̀ fún wọn. Ìyókù ni mo fún un. Ó tú gèlè orí rẹ̀, irun funfun rẹ̀ yọ síta, ó fi gèlè náà we ohun tí mo fún un, ó sì gbé e mọ́ àyà.

"Dókítà, bó bá jí, tó bá bèèrè, ẹ sọ fún un pé ẹ ti dà á nù. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni mò ń gbé e lọ. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Bó bá mọ̀ ọ́n, á máa lọ síbẹ̀, kò sì ní lè lọ́kọ mìíràn mọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan."

Mo ní mo gbọ́. Mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì, mi ò tan iná, mi ò sì rántí pé mi ò tíì jẹun.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tún ń dà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ wá omi gbígbóná. Ọmọbìnrin náà kò bá mi jiyàn lórí ẹ̀rọ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ sókè, ó sì ń wo gíláàsì bí mo ṣe ń wò ó. Mo wo abẹ́ ìhà rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀. Dúdú kankan kò sí. Mo sọ fún un pé inú rẹ̀ mọ́. Mo ní ọ̀nà tóóró apá òsì ṣì wà, pé ó ṣì lè bímọ.

"Níbo lẹ gbé e sí, Ma?" ló bèèrè.

Mo ń nu jẹ́ẹ̀lì kúrò ní ikùn rẹ̀, mo sì ń nù ún lọ títí tí ibẹ̀ fi gbẹ. "A ti dà á nù, ọmọ mi."

Omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ lọ sínú etí, kò sì nù ún. A gbọ́ ohùn ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí àwọn ènìyàn bọ̀. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ mi mú kíá.

"Ẹ dákun, Ma, bí Màmá bá bi yín, ẹ má sọ fún wọn pé mo bèèrè o. Ẹ ní mi ò bèèrè nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò pé mo ti gbàgbé."